Ìdí Tí Béèsì Àkọ́díọ̀nù Kò Fi Dọ́gba: Ìtàn Ahọ́n Irin Láti Vienna Dé Ọ̀dọ̀ Wa



Àwọn àgbà máa ń wí pé ìka kò dọ́gba. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ní ti ọwọ́ ènìyàn, òtítọ́ sì ni pẹ̀lú ní ti ohun èlò orin kan tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ ní òde ara rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìwọ̀nba díẹ̀ mọ inú rẹ̀. Ohun èlò náà ni àkọ́díọ̀nù, dùùrù kékeré tí a ń gbé kọ́ àyà, tí a ń fà tí a sì ń fún pọ̀ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ẹni tí ó bá jókòó ti ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ yóò ṣàkíyèsí pé orin ọwọ́ ọ̀tún ń lọ geere, ṣùgbọ́n pé àwọn ohùn béèsì tí ń bẹ lábẹ́ ọwọ́ òsì kì í dọ́gba. Ọ̀kan a bú bí ìlù ńlá, èyí tí ó tẹ̀ lé e a sì rọ̀ bí ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láti inú yàrá; ọ̀kan a kún, èkejì a tín-ín-rín. Ìtàn àìdọ́gba yìí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé àìmọ̀ rẹ̀ ti mú mi ṣe àṣìṣe kan rí, tí n kò lè gbàgbé.

Ní nǹkan bí ọdún 15 sẹ́yìn, nígbà tí mo ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn ní ẹ̀ka kan, ìyá ìjọ kan fi owó ara rẹ̀ ra àkọ́díọ̀nù àlòkù fún ẹgbẹ́ akọrin wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ní ẹ̀bùn orin ni a fi í lé lọ́wọ́. Kò pé oṣù mẹ́ta tí àwọn ará fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé béèsì rẹ̀ ń já sókè, ó ń já sódò, àti pé ọmọ náà ti bà á jẹ́. Ó wá bá mi, ó ní, "Bàbá, kì í ṣe ọwọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a." N kò gbà á gbọ́. Mo bá a wí lójú àwọn akọrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, mo sì gbé ohun èlò náà lọ fún ẹnì kan tí ń tún aago ṣe, pé kí ó bá wa mú gbogbo ohùn náà dọ́gba. Ọkùnrin náà fi fáìlì ha àwọn irin inú rẹ̀. Méjì ṣẹ́, àwọn tí kò ṣẹ́ ṣì ohùn, wọn kò sì bá dùùrù ìjọ mu mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀. Ìgbà tí mo wá mọ ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí ni mo tó mọ irú ẹjọ́ tí mo dá.

ÌBẸ̀RẸ̀ AHỌ́N IRIN

Ohun tí ń ké nínú àkọ́díọ̀nù kì í ṣe okùn bíi ti gìtá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀pá fèrè. Ahọ́n irin pẹlẹbẹ ni. A kan ìdí rẹ̀ mọ́ àwo irin kan, a sì jẹ́ kí orí rẹ̀ wà lómìnira lórí ihò gígùn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu géérégé. Bí afẹ́fẹ́ bá gba ihò náà kọjá, ahọ́n a máa gbọ̀n, ìgbọ̀n náà ni etí wa sì ń gbọ́ ní ohùn. Àwọn ará Ṣáínà ti mọ ọgbọ́n yìí fún ohun tí ó ju 2,000 ọdún lọ, nínú ohun èlò tí wọ́n ń fi ẹnu fọn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ sheng. Ní Yúróòpù, ó tó nǹkan bí 1780 kí Christian Gottlieb Kratzenstein, ọ̀mọ̀wé kan tí ń ṣiṣẹ́ ní Copenhagen, tó fi irú ahọ́n bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tí ń fara wé ohùn ènìyàn, tí ó sì fi gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú St. Petersburg.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ dé Vienna, olú-ìlú Ọ́stríà. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Cyrill Demian, ẹni tí ìran rẹ̀ wá láti Armenia, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì jẹ́ ṣíṣe dùùrù. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún, ọdún 1829, òun pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Karl àti Guido, mú àpótí kékeré kan lọ sí iwájú ìjọba kí a lè fún wọn ní ìwé àṣẹ lé e lórí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà ni wọ́n rí ìwé náà gbà. Bọ́tìnnì 5 péré ni ó wà lára àpótí yìí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í dún ní ohùn kan ṣoṣo, bí kò ṣe ní àkójọpọ̀ ohùn, irú èyí tí soprano, alto, tenor àti béèsì ń dá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jọ kọrin. Bí a bá fà á, àkójọpọ̀ kan; bí a bá fún un pọ̀, àkójọpọ̀ mìíràn: nípa bẹ́ẹ̀ àkójọpọ̀ 10 ni ó wà níbẹ̀. Láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ ń lò fún àkójọpọ̀ ohùn ni Demian ti fa orúkọ tí ó sọ ọ́ yọ.

Ẹ kíyèsí èyí dáradára. Láti ọjọ́ tí a ti bí àkọ́díọ̀nù, iṣẹ́ tí a rán an ni láti gbé orin ẹlòmíràn ró. A kò dá a kí ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè máa dá rìn bí ẹni tí ń gun àkàsọ̀ láti ìpele dé ìpele.

OHUN TÍ ÀWỌN ARÁ ÍTÁLÌ FI KÚN UN

Láti Vienna, àpótí náà rìn lọ sí ilẹ̀ púpọ̀. Ní Castelfidardo, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Loreto ní Ítálì, Paolo Soprani bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1863. Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ ni pé arìnrìn-àjò ìsìn kan, ará Ọ́stríà, tí ó lọ gbàdúrà ní Loreto, sùn ní ilé wọn ní alẹ́ kan, ó sì fi àkọ́díọ̀nù rẹ̀ ta ìdílé náà lọ́rẹ. Ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè kan náà, ní ìlú Stradella, Mariano Dallapé dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1876. Orúkọ ìlú Stradella yìí ni a fi ń pe ètò béèsì tí ó wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ àkọ́díọ̀nù títí di òní.

Ìṣòro tí ó dojú kọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyí kò kéré. Ọ̀pá ohùn ìsàlẹ̀ dùùrù ńlá inú kàtídírà lè ga ju ilé lọ, nítorí pé inú ilé kan náà ni yóò wà títí ayé. Ṣùgbọ́n ìhà òsì àkọ́díọ̀nù ni ọwọ́ kan ń gbé, ọwọ́ kan náà ni ó ń fa ẹwìrì, ọwọ́ kan náà ni ó sì ń tẹ bọ́tìnnì. Ó di dandan kí ó fúyẹ́. Nítorí náà wọ́n ṣe ìpinnu kan tí gbogbo ohun tí a ń rò lónìí ti jáde wá: ohùn 12 péré ni wọ́n fi sí ìhà béèsì, èyíinì ni gbogbo ohùn tí ń bẹ láti dò kan títí dé ẹnu ọ̀nà dò kejì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú àkọ́díọ̀nù ńlá, bọ́tìnnì 120 ni ó wà ní ìhà òsì, ní ìlà 6, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní 20. Ìlà 2 jẹ́ ti béèsì, ìlà 4 yòókù jẹ́ ti àkójọpọ̀ ohùn. Wọn kò to béèsì ní dò, rè, mí, fà bí a ti ń kọ́ àwọn ọmọdé. Ẹ̀gbẹ́ dò ni wọ́n fi sò sí, wọ́n fi rè ti sò, là sì ti rè. Ní ìhà kejì dò ni fà wà. Ìdí rẹ̀ ni pé nínú orin púpọ̀, dò, sò àti fà ni ìpìlẹ̀ tí a ń padà sí nígbà gbogbo, ó sì dára kí ìka má baà rìn jìnnà.

Kí béèsì náà lè kún, wọn kò fi ahọ́n kan ṣoṣo sí ohùn kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀pọ̀ àkọ́díọ̀nù ńlá, ọ̀wọ́ ahọ́n 5 ni ó wà, láti èyí tí ó wúwo jù dé èyí tí ó fúyẹ́ jù, tí bọ́tìnnì béèsì kan sì ń mú wọn ké papọ̀. Ohùn 12 ní ọ̀nà 5 jẹ́ 60. Ọ̀kọ̀ọ̀kan sì nílò ahọ́n méjì, ọ̀kan fún ìfà, èkejì fún ìfúnpọ̀: nípa bẹ́ẹ̀, ahọ́n 120 ni ó kún inú àpótí tí a lè gbé sórí itan.

ÌDÍ MẸ́RIN TÍ OHÙN KÒ FI DỌ́GBA

Èkíní ni ìjábọ́ ohùn. Jẹ́ kí a wí pé fà ni oníṣẹ́ ọwọ́ fi ṣe ohùn tí ó rẹlẹ̀ jù nínú ọ̀wọ́ náà. Bí olórin bá bẹ̀rẹ̀ láti dò, tí ó gòkè lọ sí rè, tí ó dé mí, ó ti dé òpin ọ̀wọ́ ahọ́n náà. Ó yẹ kí fà ga ju mí lọ, ṣùgbọ́n fà kan ṣoṣo tí ó wà ni èyí tí ń bẹ ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Olórin náà wá dà bí ẹni tí ń gun àtẹ̀gùn, tí ó gbé ẹsẹ̀ sókè, tí ó sì bá ara rẹ̀ ní ilẹ̀. Mí àti fà jẹ́ aládùúgbò nínú orin, ṣùgbọ́n nínú àpótí yìí, ọ̀kan ni ó kéré jù nínú ọ̀wọ́ rẹ̀, èkejì ni ó tóbi jù. Ibi tí ìjábọ́ náà wà yàtọ̀ láti ọwọ́ oníṣẹ́ kan sí òmíràn. Ohun tí ń bò ó mọ́lẹ̀ ni pé ọ̀wọ́ púpọ̀ ń ké papọ̀, ti òkè pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀, tí etí kò fi lè sọ dájú èyí tí ó ń tẹ̀ lé. Ní 1964, ọ̀mọ̀wé Roger Shepard ní Amẹ́ríkà fi kọ̀ǹpútà ṣe irú ìtànjẹ etí bẹ́ẹ̀: ó to àwọn ohùn tí ó dà bí ẹni pé wọ́n ń gòkè títí láìdé òkè. Ṣùgbọ́n bí ọ̀wọ́ ìsàlẹ̀ bá lágbára ju ti òkè lọ nínú àkọ́díọ̀nù, ìbòjú náà a ká kúrò, gbogbo ìjọ a sì gbọ́ ìjábọ́ náà.

Èkejì ni ìwọ̀n ahọ́n. Ahọ́n ohùn ìsàlẹ̀ gùn, a sì máa ń fi òjé tàbí idẹ díẹ̀ kún orí rẹ̀ kí ó lè gbọ̀n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ ni ó ń fẹ́, ó sì ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn. Bí a bá fipá fa ẹwìrì, ohùn rẹ̀ a tilẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i. Èyí tí ó kéré kì í ṣe bẹ́ẹ̀: a fọwọ́ kàn án, ó ti dáhùn.

Ẹ̀kẹta ni ibùgbé ahọ́n. Ààyè kò tó kí gbogbo wọn lè wà lójú kan. Nínú ọ̀pọ̀ àkọ́díọ̀nù, àwọn kan wà lórí igi tí ó dúró ṣánṣán, a sì tẹ́ àwọn mìíràn sórí pákó. Ohùn ọ̀kan ń jáde tààrà. Ti èkejì ń yí kọrọ̀ kí ó tó rí ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn tí a sọ nínú gbọ̀ngàn kì í jọ èyí tí a sọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu kan náà ni ó sọ ọ́.

Ẹ̀kẹrin kò sí nínú àpótí rárá, inú orí wa ni ó wà. Ní 1933, Harvey Fletcher àti Wilden Munson ní Amẹ́ríkà fi ìwọ̀n hàn pé etí ènìyàn kì í tètè gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ bí ó ti ń gbọ́ ohùn àárín; agbára ohùn ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ jù kí etí tó kà á sí ọgbọọgba. Nítorí náà, bí ahọ́n méjì bá tilẹ̀ ń lo agbára kan náà, etí wa kò ní gbà pé wọ́n dọ́gba.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kò fi ọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n ṣe bọ́tìnnì àyípadà tí ń pa ọ̀wọ́ kan mọ́, tí ń ṣí òmíràn. Wọ́n tún ṣe irú béèsì kan tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, láìsí ìjábọ́. Ṣùgbọ́n irú èyí wúwo, owó rẹ̀ sì ga, tí ó fi jẹ́ pé ti Stradella ni ó ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn.

BÍ Ó ṢE KAN WÁ NÍ IBÍ

Ilé iṣẹ́ Hohner ní Trossingen ní ilẹ̀ Jámánì, tí Matthias Hohner dá sílẹ̀ ní 1857, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àkọ́díọ̀nù ní 1903. Nípasẹ̀ irú àwọn ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àpótí kékeré olówó pọ́ọ́kú fi tàn ká ayé. Irú kan wà tí ó ní bọ́tìnnì 10 péré ní ọwọ́ ọ̀tún, tí bọ́tìnnì béèsì rẹ̀ kò sì ju mélòó kan lọ.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí ẹni tí ó sọ àkọ́díọ̀nù di olókìkí nínú orin jùjú tó Isaiah Kehinde Dairo, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tí a bí ní 1930. Ní 1957 ni ó dá ẹgbẹ́ Morning Star sílẹ̀, èyí tí ó wá di Blue Spots. Ní 1963, Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni, orin Aládùúrà sì hàn gbangba nínú iṣẹ́ rẹ̀, títí ó fi papò dà ní 1996.

Nínú orin jùjú, ìlù ni ó ń gbé ìsàlẹ̀ orin ró. Bí béèsì àkọ́díọ̀nù kò bá dọ́gba níbẹ̀, ta ni yóò gbọ́? Ṣùgbọ́n nínú ìjọ, nígbà tí a bá ń kọ orin ìsìn ní ohùn mẹ́rin, tí kò sí ìlù, béèsì yẹn ni àwọn ọkùnrin ń fi etí tì. Níbẹ̀ ni àléébù tí a ti bò mọ́lẹ̀ láti nǹkan bí 150 ọdún a máa yọjú. Ìdí nìyí tí ìjọ wa fi gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ní òde ijó.

BÍ A ṢE LÈ MỌ ÀBÙDÁ YÀTỌ̀ SÍ ÀRÙN

Nígbà tí ẹ̀rí-ọkàn kò jẹ́ kí n sinmi mọ́, mo gbé àkúkù àkọ́díọ̀nù náà lọ bá bàbá àgbàlagbà kan ní Èkó tí ó ti ń tún irú rẹ̀ ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó tú u, ó wò ó pẹ́, ó ní, "Pásítọ̀, ta ni ó ha irin yìí?" Mo dákẹ́. Ó ní, "Ẹ má ha ahọ́n nítorí pé kò ké sókè. Bí ẹ bá ha orí rẹ̀, ohùn rẹ̀ a ga. Bí ẹ bá ha ìdí rẹ̀, ohùn rẹ̀ a rẹlẹ̀. Irin tí ẹ ti ha kúrò, ta ni yóò dá a padà?"

Ó wá kọ́ mi ní ohun mẹ́ta tí mo fi ń ṣe ìwádìí láti ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀ka wa sì lè ṣe láìtú ohunkóhun.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí a tẹ ohùn tí ó rẹ̀ náà, kí a fa ẹwìrì, lẹ́yìn náà kí a fún un pọ̀. Bí ó bá rẹ̀ ní ìhà kan ṣoṣo, ahọ́n ìhà náà ni ó ní àrùn, tàbí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń bo ihò ẹnìkejì rẹ̀ ni ó ti ká kò. Bí ó bá rẹ̀ ní ìhà méjèèjì, a ní láti wo ibòmíràn.

Lẹ́ẹ̀kejì, kí a rántí pé bọ́tìnnì 20 ni ó wà ní ìlà kan, ohùn 12 péré ni ó sì wà. Nítorí náà, ohùn 8 ní bọ́tìnnì méjì ní ìlà náà, tí wọ́n ń ṣí ìdérí kan náà, tí wọ́n sì ń mú ahọ́n kan náà ké. Bí bọ́tìnnì kan bá ké kíkankíkan, tí èkejì rẹ̀ sì rẹ̀, ahọ́n kò jẹ̀bi rárá. Irin tí ó so bọ́tìnnì mọ́ ìdérí ni ó ti tẹ̀ tàbí tí ó ti jẹ, tí ìdérí kò fi ṣí tó.

Lẹ́ẹ̀kẹta, bí ohùn kan bá rẹ̀ ní ìfà àti ní ìfúnpọ̀, tí bọ́tìnnì rẹ̀ méjèèjì sì dọ́gba, tí ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti rà á, ó ṣeé ṣe púpọ̀ kí ó jẹ́ àbùdá rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀. Olórin tí ó mọ̀ ọ́n yóò fi ọwọ́ fa ẹwìrì ní ìwọ̀n tí ó yẹ ẹ́.

Ní ti ìtọ́jú, ìda oyin tí a pò mọ́ oje igi ni a fi ń lẹ àwo ahọ́n mọ́ igi nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Oòrùn wa sì lè mú kí ìda náà rọ̀. Kí a má fi í sí inú ọkọ̀ tí a gbé sí oòrùn. Ọ̀rinrin òjò a máa mú ìpáàrà bá irin. Kí a gbé e kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó ti ń wà láyà olórin, kí awọ inú rẹ̀ má baà tẹ̀.

Nígbà tí bàbá náà fi ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò ó lójú mi, lórí ìwọ̀nba ahọ́n tí fáìlì kò tíì dé, ohùn kan ṣoṣo ni a rí tí àrùn ń ṣe. Àwọn yòókù tí a torí wọn bá ọmọ náà wí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ṣe é ti fi wọ́n sílẹ̀. Òtítọ́ ni ọmọ náà sọ.

Mo wá a lọ sí ibi tí ó ń gbé, mo sì bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn òbí rẹ̀. Ó dáríjì mí, ṣùgbọ́n kò padà sí ẹgbẹ́ akọrin. Ó ti di ọmọ iṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ọwọ́ rẹ̀ sì ti kúrò nínú orin. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Èmi ni mo gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ń kùn, tí n kò gbọ́ ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olórí akọrin, bí irú ohun èlò yìí bá wà ní ẹ̀ka yín, tí béèsì rẹ̀ kò dọ́gba, ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́, kí ẹ jókòó tì í, kí ó fi ohùn kọ̀ọ̀kan hàn yín ní ìfà àti ní ìfúnpọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó wá oníṣẹ́ lọ.